Aago Tọ́bò Tí Kì í Gòkè Bí Mo Bá Jókòó Síwájú

Ìgbà tí wọn kò tíì yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ni ọkọ mi ti Àbíjàn dé pẹ̀lú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí ó ní tọ́bò. Ní Èjìgbò tiwa, kì í ṣe nǹkan tuntun pé ẹnìkan ti Àbíjàn dé. Agbolé tí kò ní ènìyàn lọ́hùn-ún kò wọ́pọ̀, olúkúlùkù sì ní ohun tí ó máa ń kó bọ̀: aṣọ, rédíò, àwo ọbẹ̀, àti Faransé díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ní tọ́bò, a ò tíì rí irú rẹ̀ ní àdúgbò wa. Gbogbo ẹni tí ó bá wá kí ọkọ mi káàbọ̀ ni ó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnnì tí èéfín ọkọ̀ máa ń yí bíi fáànù, tí òun náà yóò sì máa ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ yóò wá lágbára bí ẹni tí ó jẹ iyán yó. "Tiribó" ni ó ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pè é ní Àbíjàn. Àwa tí a kò kúrò nílé ń pè é ní tọ́bò. Ó máa ń tún un ṣe sí wa lẹ́nu, àwa náà a sì máa sọ ọ́ bí ó ṣe rọ̀ wá lọ́rùn.

Nínú ọkọ̀ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago tí ó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, aago kékeré mìíràn wà tí ojú rẹ̀ dúdú, tí ọwọ́ rẹ̀ sì pupa. Òun ni aago tọ́bò. Bí afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì wọlé bá ṣe pọ̀ tó ni ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe gòkè tó. Kò bá ọkọ̀ wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tí ó ń tún ọkọ̀ ṣe lọ́hùn-ún ni ó fi síbẹ̀ fún un nígbà tí ó ń bọ̀ wálé, kí ó lè máa rántí òun. Ọkọ mi fẹ́ràn aago yìí ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ó lè gbàgbé láti bu omi sí ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò ní í gbàgbé láti fi aṣọ nu ojú aago tọ́bò.

Ìyá ọkọ mi ń gbé ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn nígbà náà, ó ní oko iṣu àti oko ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, kò sì gbà kí a mú òun wá sí Èjìgbò. Ó ní ariwo Èjìgbò pọ̀ jù fún òun. Nítorí náà, bí ọjọ́ Àìkú bá dé, tí mi ò bá ní aṣọ kánjúkánjú tí mò ń rán, èmi àti ọkọ mi á jọ lọ wò ó. Aránṣọ ni mí, ẹ̀rọ ìránṣọ elẹ́sẹ̀ ni mò ń lò, ọjọ́ Àìkú nìkan sì ni ẹsẹ̀ mi máa ń sinmi. Òkè kan wà lójú ọ̀nà náà tí ó ń gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ jìnnà, tí ọ̀nà ibẹ̀ sì tọ́. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti fẹ́ fi tọ́bò hàn mí.

Ó ní kí n fojú sí aago. Ó tẹná. Ọkọ̀ fọn fèrè tín-ín-rín, ó já lọ, ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ àga, igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sì ń sá padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ pupa inú aago kò kúrò ní òdo.

 Nígbà tí a ń bọ̀, ọkọ mi tún gbìyànjú, bákan náà ló rí. Lọ́jọ́ kejì ó dá gbé ọkọ̀ jáde, ó sì padà wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní aago ti gòkè dáadáa, bóyá ìrìn àná ló rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọjọ́ Àìkú tún dé, a tún jọ lọ, aago tún kọ̀. Bí ó ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí ọkọ mi bá dá lọ, aago á gòkè. Bí èmi bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aago á jókòó bí ẹni tí wọ́n ní kí ó má sọ̀rọ̀.

Ó wò mí lọ́jọ́ kan láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ní, "Ìwọ yìí, ṣé kì í ṣe pé o ti ń sanra jù?"

Mo dá a lóhùn pé bí tọ́bò tí ó gba ilẹ̀ Gánà àti Tógò kọjá bá wá ń sá fún ìdí obìnrin kan ní Èjìgbò, a jẹ́ pé ọ̀lẹ ni tọ́bò náà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jókòó nínú yàrá. Kí ó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti di ohun tí wọ́n fi ń kí mi ládùúgbò. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní kí n rọra o, kí ọkọ̀ wọn má baà kú lójú títì.

Nígbà tí ó pẹ́, ọkọ mi gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì àgbà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ọmọlúàbí ènìyàn ni bàbá náà, kì í jẹ́ kí ìrun kọjá òun, kì í sì í jẹ́ kí àwàdà kọjá òun. "Mùsíọ́", ìyẹn ọ̀gbẹ́ni ní Faransé, ni ó ń pe ọkọ mi láti ọjọ́ tí ó ti gbọ́ pé Àbíjàn ló ti dé. Mo bá ọkọ mi lọ nítorí pé mo fẹ́ kí ẹnìkan tí ó mọ iṣẹ́ wẹ̀ mí mọ́.

Bàbá ní kí ọkọ mi ṣáná sí ọkọ̀ kí ó sì máa tẹná. Ó ṣí iwájú ọkọ̀ sókè, ó fi etí kan sílẹ̀ bí àfáà tí ń gbọ́ kéwú lẹ́nu ọmọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbórí sókè. Ó ní, "Mùsíọ́, ara tọ́bò yín le. Aago ló ń purọ́."

Ó wá ṣàlàyé fún wa pé láti ara ẹ́ńjìnnì sí ẹ̀yìn aago, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà láàárín wọn, tí ihò inú rẹ̀ kò ju ihò fèrè ọmọdé lọ. Afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ni yóò gba inú rọ́bà yìí lọ ti ọwọ́ aago sókè. Bí rọ́bà bá lu, bí ó bá dí, tàbí bí aago fúnra rẹ̀ bá ti bàjẹ́, irọ́ ni aago yóò máa pa. Ó po ọṣẹ sínú omi, ó fi ìfófòó rẹ̀ pa gbogbo ibi tí rọ́bà ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó ń wò ó bóyá yóò hó. Kò hó. Ó yọ rọ́bà lórí méjèèjì, ó fẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti ìdí ẹ́ńjìnnì, ó ní kí ọkọ mi fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí ìdí kejì nínú ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí ọkọ mi lẹ́rẹ̀kẹ́, rọ́bà kò dí.

Ó ku aago. A gbé e lọ sọ́dọ̀ fókanáísà tí ó wà ní òdìkejì títì. Bàbá so aago tọ́bò àti aago tí fókanáísà fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà pọ̀ mọ́ pọ́ǹpù kan náà, wọ́n rọra ń fún wọn ní afẹ́fẹ́. Àwọn aago méjèèjì jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ ohun kan náà, wọ́n sì jọ ń padà sí òdo. Fókanáísà wo ọkọ mi bí ẹni pé òun ni nǹkan kan kò yé. Bàbá dá gbogbo rẹ̀ padà bí ó ṣe bá a. Kò tú kápẹ́ẹ̀tì tí rọ́bà gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, nítorí afẹ́fẹ́ ti gba inú rẹ̀ kọjá lójú gbogbo wa. Ó ní òun ò rí àléébù kankan.

Ọkọ mi wá yíjú sí mi. N kò ní í purọ́, inú mi kò dùn sí i.

Ohun tí ó ṣe tẹ̀ lé e ni pé ó wá àpò iṣu méjì, ó gbé wọn sórí àga iwájú níbi tí mo máa ń jókòó, ó sì fi okùn dè wọ́n kí wọ́n má baà ṣubú. Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti ń wò ó. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá wíwúwo ni. Ó gbé iṣu lọ sí orí òkè, ó sì gbé e padà wá. Aago gòkè. Àwọn ará àdúgbò ń bi mí bóyá ìyàwó kékeré ni ọkọ mi gbé jókòó síwájú yẹn. Mo ní òun ni, àti pé kí ó tètè mú un wọlé wá, mo ti gbé omi kaná dè é.

Láìpẹ́, ìyá ọkọ mi fẹ́ wá síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Èjìgbò, a sì lọ gbé e. Ìyá náà tóbi jù mí lọ ní ìlọ́po méjì. Iwájú ni a fi í sí, èmi bọ́ sẹ́yìn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga bí ẹni tí ó jókòó sórí ẹní nílé rẹ̀, oorun sì ti gbé e lọ kí a tó kúrò ní ìlú. Nígbà tí a dé orí òkè, ọkọ mi tẹná. Mo na ọrùn láti ẹ̀yìn. Ọwọ́ pupa gbéra ńlẹ̀, ó gòkè kọjá àárín, ó dúró síbẹ̀ wámúwámú.

Ariwo ọkọ mi jí ìyá rẹ̀. Ó bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, mo sì rò ó fún un látòkè délẹ̀, pé wọ́n ní sísanra mi ni kì í jẹ́ kí aago gòkè. Ìyá wo ọmọ rẹ̀, ó wo ara rẹ̀, ó ní, "Bí sísanra bá ń dá ọkọ̀ dúró, ṣé èmi yìí a kúrò ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn láé?"

Ọkọ mi gbà pé kì í ṣe ìdí mi mọ́. Ó ní ojú mi ni. Ó ní mo máa ń tẹjú mọ́ aago náà jù, ojú sì ń tì í. Nígbà tí a tún ń lọ, ó ní kí n di ojú mi. Mo dì í. Ẹni tí ó bá ti di ojú nínú ọkọ̀ tí ń fò gòkè yóò mọ ohun tí mò ń sọ: gbogbo ara mi le gbandi. Aago kò gbéra.

Níkẹyìn ó bẹ mẹ́káníìkì wa pé kí ó bá wa lọ kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Bàbá jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú fìlà rẹ̀ àti àpò irin-iṣẹ́ rẹ̀. Bí a ṣe ń lọ, aago ṣe bí ó ṣe máa ń ṣe, bàbá sì rí i. A kí ìyá, a jẹun, a sì forí lé ọ̀nà ilé. Nígbà tí a ń bọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ ṣòkòtò kan tí ó fẹ́ kí n rán fún òun, pé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ dáadáa kí ó lè rí ìrun kí nínú rẹ̀. Mo yíjú sẹ́yìn, mò ń bi í bí yóò ṣe gùn tó, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọkọ mi ti tẹná láti kọjá lára ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó kó ẹ̀gẹ́.

Mo gbọ́ tí ọkọ mi ní, "Ó ti gòkè." Ohùn jẹ́jẹ́ ni ó fi sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ dá a níjì.

Mo yíjú padà. Lóòótọ́, ọwọ́ pupa ti kọjá àárín. Àmọ́ ewúrẹ́ ni mo kọ́kọ́ rí, agbo ewúrẹ́ kan tí ó ya wọ ojú títì láti inú igbó. Mo ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ mi ki ẹsẹ̀ mọ́ bíréèkì. Ọkọ̀ fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ó jù wá síwájú, ó kú. Àwọn ewúrẹ́ kọjá, èyí tí ó kẹ́yìn wọn tilẹ̀ dúró wò wá. 

Bàbá na orí wá sí àárín èmi àti ọkọ mi, ó ń wo aago. Ọwọ́ pupa ṣì wà lókè.

Ó ní, "Ọkọ̀ ti kú, tọ́bò ti kú. Afẹ́fẹ́ wo ni aago yìí ń wọ̀n?"

 Mo mí kanlẹ̀, mo fa ẹsẹ̀ mi sẹ́yìn kí n lè sọ̀ kalẹ̀ gba atẹ́gùn. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀, ọwọ́ aago já wálẹ̀ sí òdo lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a rí i.

Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó yí wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ní kí n dákun gbé ẹsẹ̀. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ náà nìyẹn, ó gba abẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀tún mi máa ń wà kọjá gẹ́lẹ́, bí ọ̀rẹ́ ọkọ mi ṣe tẹ́ ẹ láti Àbíjàn. Ibì kan lára rẹ̀ ti rí pẹlẹbẹ, ó ń dán.

Ó bèèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ìyàwó, kí ni o máa ń tẹ̀ níbí?"

Mo ní, "Bíréèkì."

Ó ní kò sí bíréèkì níbẹ̀. Mo ní mo mọ̀. Mo wá sọ fún wọn pé bí ọkọ mi bá ti ń sáré, ẹsẹ̀ mi kì í gbọ́ tèmi mọ́, á máa wá bíréèkì fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ tí ó sì ń fi ojoojúmọ́ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, bí ó bá tẹ nǹkan, nǹkan náà á mọ̀ pé wọ́n tẹ òun. Gbogbo rẹ̀ wá yé wa. Bí ọkọ mi bá ṣe ń tẹná níhà tirẹ̀ ni mò ń tẹ rọ́bà pa níhà tèmi, afẹ́fẹ́ kò sì lè dé ọ̀dọ̀ aago. Kí n tó tu ẹsẹ̀, ọkọ mi ti dẹ iná sílẹ̀. Ní ti àwọn ewúrẹ́ yìí, aago ti gòkè kí n tó tẹ̀ ẹ́, ni mo bá há afẹ́fẹ́ mọ́ inú rẹ̀. Iṣu kò ní ẹsẹ̀, ìyá sì ká tirẹ̀ sórí àga.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú ibi pẹlẹbẹ yẹn lára rọ́bà, ó wá bi mí pé, "Ṣé gbogbo ìgbà tí mo bá ti ń sáré ni ẹ̀rù ń bà ọ́?"

Mo ní, "Gbogbo ìgbà."

Ó ní kí ló dé tí n kò sọ. Mo ní inú rẹ̀ máa ń dùn nígbà náà, n kò fẹ́ bà á jẹ́.  Ó ṣáná sí ọkọ̀, ó sì rọra wà wá délé, tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kó ẹ̀gẹ́ fi tún kọjá lára wa.

Bàbá gé ibi pẹlẹbẹ náà kúrò, ó fi rọ́bà tuntun rọ́pò rẹ̀, ó sì gbé e gba òkè lẹ́bàá ilẹ̀kùn kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má kàn án mọ́. A dán an wò, aago gòkè pẹ̀lú mi níwájú. Ó yẹ kí inú ọkọ mi dùn, ó sì dùn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ó ti máa ń wo ẹsẹ̀ mi kí ó tó kọjá lára ọkọ̀ mìíràn. Ojú máa ń tì mí díẹ̀ bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀. A ti ṣe ọkọ àti aya fún ọdún púpọ̀, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì fi wà ní Àbíjàn tí mo wà nílé. Àwọn ohun kan wà tí a kò tíì mọ̀ nípa ara wa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sórí aṣọ tí mò ń gé. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé bíréèkì ni mò ń wá, kí n wá jókòó síbi tí bíréèkì wà.

Pápá ilé ìwé kan ni a ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ wà ní ọlidé. Ẹsẹ̀ mi wúwo jù fún ọkọ̀ náà. Bí mo bá tẹ iná, a fò. Bí mo bá tẹ bíréèkì, a fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí gbá díńgí. Ọkọ mi kò pariwo mọ́ mi, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá bà á, Faransé ló máa ń sọ. "Dusumáà, dusumáà," á máa wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń ṣe àdúrà. Èmi tí n kò gbọ́ Faransé mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí: pé kí n rọra. Ó ṣe sùúrù fún mi ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tí mo yí ọkọ̀ po igi gọ́ọ̀lù láìfarakàn án, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ti kọ́ mi tán, kí n máa gbé e lọ sílé.

Ibi àkọ́kọ́ tí mo dá gbé ọkọ̀ náà lọ ni ìlú Ola. Mo rán aṣọ ilé ìwé fún àwọn ọmọ kan níbẹ̀, mo sì dì í sẹ́yìn ọkọ̀. Ọkọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, níwájú mọ́ṣáláṣí, nígbà tí àwọn ọkùnrin ń jáde láti ibi ìrun. Gbogbo wọn dúró. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ bá mi tì í, mo ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu, mo tún ṣáná sí i, ó sì dáhùn. Mo pín aṣọ, mo dúró kí wọ́n wọ̀ ọ́ wò, mo gé okùn tí ó yọ lára méjì nínú wọn.

Nígbà tí mo fẹ́ máa bọ̀, ìyá kan tí ó ń lọ sí Èjìgbò pẹ̀lú agbọ̀n tòmátì bẹ̀ mí pé kí n gbé òun. Ó jókòó síwájú, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ lé itan, ó wò yíká inú ọkọ̀, ó bèèrè ẹni tí ó ni ín. Mo ní ọkọ mi ni. Ó ní Ọlọ́run yóò fún èmi náà ní tèmi. Mo ṣe àmín, mo wo ẹ̀yìn, mo sì yí orí ọkọ̀ sí ọ̀nà Èjìgbò.